Ìwé tí mo rà ní Ọjà Ọba kò ní ewé ìparí: kí ni Gold Dagger, ta ló sì ti gbà á?

Ọmọ Òkèyìnmí | Sátidé, 7:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo yà lọ́dọ̀ bàbá kan tó máa ń tẹ́ ìwé àlòkù sórí ọ̀rá lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Adó. Mo rí ìwé kan níbẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ṣí kúrò, A Fatal Inversion ni àkọlé rẹ̀, Barbara Vine ló kọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé ó gba Gold Dagger. N ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ojú ewé àkọ́kọ́ tí mo kà lórí ìdúró ti mú mi, mo bá san owó.

Ìtàn náà rèé ní ṣókí. Ọkùnrin kan tó ra ilé ńlá ní ìgbèríko Suffolk, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ sin ajá rẹ̀ tó kú. Ibi tí àwọn tó ti gbé ilé náà rí máa ń sin ẹran ọ̀sìn wọn sí ló gbẹ́. Egungun èèyàn ló bá pàdé níbẹ̀, ti obìnrin kan àti ti ọmọ ọwọ́. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà náà, lọ́dún 1976 tí oòrùn mú bí iná, àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún kan jọ gbé inú ilé náà. Ọ̀kan nínú wọn ló jogún rẹ̀. Wọ́n ti tú ká, kálukú ti bá tirẹ̀ lọ, àfìgbà tí ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ egungun jáde. Obìnrin méjì ló wà nínú àwọn márùn-ún yẹn. Títí dé ibi tí ìwé tán sí lọ́wọ́ mi, n ò tíì mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni wọ́n sin.

Mo ní ibi tó tán sí lọ́wọ́ mi torí pé wọ́n ti ya ewé tó kẹ́yìn. Mo gbé e súnmọ́ iná, mo rí eyín tákàdá tó ṣẹ́kù lára òwú tí wọ́n fi rán ìwé náà. Eku kọ́ ló jẹ ẹ́, ọwọ́ èèyàn ló fà á ya. Mo padà lọ bá bàbá yẹn lánàá, ó dùn ún gan-an, ó ní kí n mú òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Òmíràn kọ́ ni mo fẹ́.

Ta ló ti kà á dé òpin? Kí sì ni Gold Dagger?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́ | Sátidé, 7:52 alẹ́

Pẹ̀lẹ́, bọ̀dá mi. Ẹ jẹ́ kí n wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, n ó kọ òpin rẹ̀ síbí ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Yèyé Ìkéré | Sátidé, 7:58 alẹ́

Má kọ ọ́ o, ọmọ mi! Jọ̀ọ́ má kọ ọ́. Ẹni tó ti ka irú ìwé yẹn títí dé ewé tó kẹ́yìn kì í ṣe ẹni tí a ń sọ òpin ìtàn fún lẹ́nu. Kí ojú tirẹ̀ fúnra rẹ̀ kà á ló tọ́ sí i. Mo ní ìwé náà nílé, odindi ni. Ọmọ Òkèyìnmí, fi sùúrù dúró, a ó wá nǹkan ṣe sí i.

Ní ti Gold Dagger, mo ti fi ogójì ọdún tọ ipasẹ̀ rẹ̀, inú mi dùn pé ẹnì kan bèèrè. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ ìtàn ọ̀daràn àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Bìrìtìkó, Crime Writers' Association, ló ń fúnni. John Creasey ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1953. Ní 1955 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yan ìwé kan ṣoṣo tó ta yọ lọ́dún, Winston Graham sì ni wọ́n kọ́kọ́ fún. Crossed Red Herring Award ni wọ́n ń pe ẹ̀bùn náà nígbà yẹn. Nígbà tó di 1960 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Gold Dagger, ìyẹn ọ̀bẹ aṣóró oníwúrà. Lionel Davidson ló gbà á lọ́dún náà, ó sì tún gbà á ní 1966 àti 1978.

Wàyí o, Barbara Vine tó kọ ìwé ọwọ́ rẹ. Orúkọ ìkọ̀wé lásán ni. Ruth Rendell ni obìnrin náà ń jẹ́ gan-an. Ó gba Gold Dagger ní 1976 àti 1986 lórúkọ Rendell, ó tún gbà á ní 1987 àti 1991 lórúkọ Vine. Èyí tí o ní lọ́wọ́ ni ti 1987. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, orúkọ méjì, èèyàn kan. Bó bá ń kọ̀wé gẹ́gẹ́ bí Rendell, ọlọ́pàá máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé náà tó ń tọ ipasẹ̀ apààyàn. Bó bá di Vine, ọlọ́pàá á rọra kúrò lójú agbo, àwọn tó dá ọ̀ràn ni a ó wọ inú ọkàn wọn lọ. Ohun tó fi mú ọ nìyẹn: o ti mọ̀ pé wọ́n jẹ̀bi, síbẹ̀ o ò mọ ohun tí wọ́n ṣe.

Bí o bá ń wá òmíràn lórí ọ̀rá bàbá yẹn, wá ìwé John le Carré, The Spy Who Came in from the Cold, tó gbà á ní 1963. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo wà nígbà tí mo kà á. Wọ́n ti pa iná yàrá, mo bọ́ sí ìta, mo jókòó ti àtùpà ọlọ́dẹ ilé ẹ̀kọ́ wa. Nígbà tí ìwé tán, ọlọ́dẹ bi mí pé ta ló kú tí mo ń sunkún. Ní 2005 tí ẹ̀bùn náà pé àádọ́ta ọdún, ìwé yẹn náà ni wọ́n fi ṣe olórí gbogbo àwọn tó ti gbà á rí, Dagger of Daggers ni wọ́n pè é. N ò bá wọn jiyàn.

Lọ́yà Ìjerò | Sátidé, 9:15 alẹ́

Ẹ kú ọgbọ́n, mà. Mo fẹ́ fi kan kún un: Agatha Christie tí gbogbo wa mọ̀ kò gba Gold Dagger rí. Àwọn ará Amẹ́ríkà, Mystery Writers of America, ló tètè dá a lọ́lá. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ sọ di Grand Master, ní 1955.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́ | Sátidé, 9:31 alẹ́

Ẹ má bínú sí mi, Yèyé, mo fẹ́ sọ ohun tó wà nínú mi. Ẹ̀bùn tí Òyìnbó ń fún Òyìnbó nìyí. Mo ti wo orúkọ àwọn tó gbà á láti òkè délẹ̀, n ò rí ọmọ Yorùbá kankan. Ibi tí a wà yìí, Èkìtì, a ní ìtàn tó pọ̀ ju ewé lọ, ẹnikẹ́ni ò sì fún wa ní ọ̀bẹ oníwúrà. Kí ló dé tí à ń fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe tiwa?

Yèyé Ìkéré | Sátidé, 10:04 alẹ́

Ọmọ mi, n ò bínú. Ohun tí o sọ wúwo, mo sì ti rò ó rí.

Ṣùgbọ́n tún orúkọ wọn yẹ̀ wò. Ní 1971, James McClure ló gbà á pẹ̀lú The Steam Pig. Johannesburg, ní South Africa, ni wọ́n bí i sí. Ọlọ́pàá méjì ló wà nínú ìwé náà: Kramer, aláwọ̀ funfun, àti Zondi, ọmọ Zulu. Ọ̀dọ́bìnrin kan kú, gbogbo ayé gbà pé àìsàn ló pa á, àfi ìgbà tí wọ́n ṣèèṣì gbé òkú rẹ̀ fún dókítà tó ń yẹ òkú wò. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú wíìlì kẹ̀kẹ́ ni wọ́n pọ́n, tí wọ́n fi gún un. Bí o bá kà á tán, wàá rí i pé òfin tó ń pín èèyàn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ ara wà nídìí ikú náà látìbẹ̀rẹ̀. McClure kò dúró wàásù. Ó kàn fi hàn wá bí Zondi ṣe ń bá ẹni tó mọ̀ pé kò gbọ́n tó òun sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ̀ tí òfin fipá mú un ṣe. Áfíríkà lèyí, kì í ṣe London.

Èyí tó ká mi lára jù rèé. Lọ́dún 1971 yẹn kan náà ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àgbàlagbà Akàn jáde. Ọdún méjì ṣáájú, ní 1969, Àjà Ló L'ẹrù ti jáde, ìwé tí a ti kọ́kọ́ pàdé Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tí kò lè fi ìwádìí sílẹ̀. Peter Dickinson ni wọ́n fún ní Gold Dagger 1969. N kò sọ pé wọ́n ka Òkédìjí kí wọ́n tó kọ̀ ọ́. Wọn ò mọ̀ pé ó wà. Èdè Yorùbá ló fi kọ ọ́, Nàìjíríà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, kò sì sí ọ̀nà tí ì bá gbà dé orí tábìlì wọn.

Nítorí náà ìbéèrè tèmi kì í ṣe pé kí ló dé tí wọn ò fún wa. Kí ló máa gbé ìwé wa débẹ̀?

Lọ́yà Ìjerò | Sátidé, 10:40 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn bí amòfin, torí òfin ìdíje ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé tí wọ́n tú láti èdè mìíràn lè bá ti Gẹ̀ẹ́sì díje. Henning Mankell láti Sweden gbà á ní 2001, José Carlos Somoza tó ń fi èdè Spain kọ̀wé gbà á ní 2002, Arnaldur Indriðason láti Iceland sì gbà á ní 2005. Iceland yẹn o, orílẹ̀-èdè tí àwọn èèyàn rẹ̀ kò tó ìdajì mílíọ̀nù. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n yí òfin padà. Láti 2006, ìwé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ nìkan ló ń du Gold Dagger, wọ́n sì dá International Dagger sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n tú. Fred Vargas, obìnrin ará Faransé, ló kọ́kọ́ gbà á, ìwé tí Siân Reynolds tú. Wọ́n ń dá ògbufọ̀ náà lọ́lá pẹ̀lú òǹkọ̀wé, mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀.

Inú àwọn kan ò dùn, wọ́n ní ńṣe ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àjèjì. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ fún tiwa. Fún èdè bíi Yorùbá, ilẹ̀kùn tó ní orúkọ tiwa lára nìyẹn. Ohun méjì ló kù: ògbufọ̀ tó gbóná, àti atẹ̀wé ní Bìrìtìkó. Àwọn atẹ̀wé ló ń fi ìwé ránṣẹ́ síbi ìdíje, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ jáde lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́ | Sátidé, 10:58 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, ẹ ṣé. N ò mọ̀ pé ọ̀nà kan wà.

Mo tún rántí pé àwọn tiwa tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé kò sùn. Ìwé Leye Adenle, Easy Motion Tourist, gba Prix Marianne nílẹ̀ Faransé ní 2016. My Sister, the Serial Killer tí Oyinkan Braithwaite kọ gba ẹ̀bùn Los Angeles Times fún ìtàn ọ̀daràn, wọ́n tún fi í sínú àkójọ gígùn àwọn ìwé tó ń du ẹ̀bùn Booker ní 2019. Femi Kayode náà gba ẹ̀bùn kan ní yunifásítì East Anglia nígbà tí Lightseekers ṣì wà ní àfọwọ́kọ. Àmọ́ Èkó tàbí Port Harcourt lọkàn wa máa ń lọ bí a bá gbọ́ ìtàn ọ̀daràn. Ṣé ìlú kéékèèké bíi tiwa gba irú ìtàn bẹ́ẹ̀? Níbi tí gbogbo èèyàn ti mọra, ta ló fẹ́ fi nǹkan pamọ́?

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n | Sọ́ńdè, 6:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti ń kà yín láti alẹ́ àná, ìbéèrè aburò mi tó kẹ́yìn yìí ló fà mí wọlé.

Ìlú kékeré gan-an ni ibi tí nǹkan pamọ́ sí jù. Ẹ wo Raven Black tí Ann Cleeves fi gba ẹ̀bùn náà ní 2006 (Duncan Lawrie Dagger ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn, torí báńkì tó fi owó sí i, 20,000 pọ́n-ùn sì ni). Shetland ló ti ṣẹlẹ̀, erékùṣù ní àríwá Scotland tí àwọn èèyàn rẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n rí òkú ọmọbìnrin kan lórí yìnyín. Kí ọlọ́pàá tó bi ẹnikẹ́ni léèrè, gbogbo ìlú ti nàka sí Magnus Tait, bàbá arúgbó kan tó ń dá gbé, tí ọgbọ́n orí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá.

Nígbà tí mo kà á, mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Mo mọ Magnus. Obìnrin ni tèmi, ilé kejì sí ti ìyá ìyá mi ló ń gbé. Kò bímọ, ọkọ rẹ̀ ti kú, ata ló ń tà níwájú ilé. Ọdún kan ọmọ mẹ́ta kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ ní àdúgbò wa. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n pe ìyá yẹn. Mo ṣì ń rí igbá ata rẹ̀ lójú mi báyìí: àárọ̀ ló máa ń gbé e síta, á to ata rẹ̀ ní mẹ́rin mẹ́rin, ìrọ̀lẹ́ á tún gbé e wọlé bó ṣe gbé e jáde. Ata yẹn á rọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í hun, ẹnikẹ́ni ò ní rà á. Àwa ọmọdé máa ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí ó má bàa rí wa. Nọ́ọ̀sì kan ló wá sọ pé èéyi ló pa àwọn ọmọ náà, wọ́n sì gún àwọn tó kù lábẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá yẹn, èmi náà ò lọ. Ó kú kí n tó dàgbà tó.

Ìtàn ọ̀daràn Èkìtì nìyẹn. Ẹni tó dá ọ̀ràn níbẹ̀ kò kéré.

Ẹ tún wá The Dry, tí Jane Harper fi gbà á ní 2017. Ọlọ́pàá kan láti ìlú ńlá ní Ọsirélíà padà sí ìlú rẹ̀ láti wá sìnkú ọ̀rẹ́. Ọ̀dá ti pa oko gbogbo, àwọn ará ìlú ò sì tíì gbàgbé ohun tí wọ́n fi kàn án nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹni tó wálé wá sìnkú, tí wọ́n ń wò ní ìwò kan! Èwo nínú wa ni kò tíì ṣẹlẹ̀ sí rí?

Yèyé Ìkéré | Sọ́ńdè, 7:05 àárọ̀

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n, o ṣeun tí o sọ ọ́. Mo ka ibi igbá ata yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́yà Ìjerò | Sọ́ńdè, 2:30 ọ̀sán

A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo fẹ́ sọ ibi tí ìtàn wa ti yàtọ̀ sí tiwọn.

Nínú ìwé wọn, dókítà á la òkú, á sọ wákàtí tí ó kú àti ohun tó pa á, ìwádìí á bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, kí ọlọ́pàá tó dé, wọ́n ti wẹ òkú, wọ́n ti wọṣọ fún un, nígbà mìíràn wọ́n ti sin ín. Bí o bá dárúkọ àyẹ̀wò òkú fún ẹbí, wọ́n á ní o fẹ́ gé èèyàn wọn wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mo ti dúró nílé ẹjọ́ rí nínú ẹjọ́ ikú tí kò sí ìwé dókítà kankan níbẹ̀, ẹnu àwọn aládùúgbò nìkan la gbé lé. Nítorí náà aṣèwádìí tiwa kò lè gbójú lé yàrá àyẹ̀wò. Etí ló máa lò. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi àlejò nílùú wa ni pé ọmọ ta ni ọ́. Aṣèwádìí tó bá mọ ìdáhùn sí ìyẹn fún gbogbo ilé tó wà ní àdúgbò kan, tó mọ ẹni tó bá ẹni du ilẹ̀, ẹni tí wọn ò jọ jẹun mọ́ láti ọdún tó lọ, ó ti rìn jìnnà.

Lápàdé mọ èyí. Ẹ tún un kà, ẹ ó rí bó ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu mú èèyàn.

Ọmọ Òkèyìnmí | Sọ́ńdè, 3:10 ọ̀sán

Etí tí ẹ̀gbọ́n Lọ́yà wí yìí! Nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn báyìí báyìí.

Ká ní wọ́n jí ẹnì kan gbé lọ́nà oko kòkó. Ẹni tó jí i gbé ń pe ẹbí lórí fóònù, ó ń sọ Yorùbá Ìbàdàn tó já geere kí wọ́n má bàa mọ ibi tó ti wá. Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta láìṣì ohùn sọ. Nígbà tó wá bínú, ó ní kí wọ́n gbé owó náà sí ẹ̀yìn "ulé". Kò ní ilé. Ulé ló pè é. Ìyá tó ń gbọ́ ọ lódì kejì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọmọ Èkìtì ni, kì í ṣe àjèjì, pé bóyá ọmọ tí òun fọwọ́ ara òun bọ́ ni. Ó sì dákẹ́, torí pé bó bá sọ ọ́ ó ti tú ẹbí ká.

Bí wọ́n bá tú èyí sí Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Báwo ni ògbufọ̀ ṣe fẹ́ gbé "ulé" yẹn gbà?

Yèyé Ìkéré | Sọ́ńdè, 3:48 ọ̀sán

Ọmọ mi, kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí. Má jẹ́ kó di ọ̀la.

Ní ti ìtumọ̀, ògbufọ̀ tó mọṣẹ́ á fi "ulé" sílẹ̀ bó ṣe wà, á jẹ́ kí ìyá náà sọ ọ́ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ilé ni ará Ìbàdàn ń pè é. Ìlà kan ti tó. Òǹkàwé tí kò gbọ́ Yorùbá rí á gbọ́ ìró u yẹn bí aago.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́ | Sọ́ńdè, 4:20 ọ̀sán

Ìbéèrè kan, mà. H.R.F. Keating gba Gold Dagger ní 1964 pẹ̀lú The Perfect Murder. Bombay ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ọmọ India ni Inspector Ghote tó ń ṣèwádìí. Mo kà á pé Keating kò tíì dé India rí nígbà tó kọ ọ́, ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kó tó fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé mímọ ibì kan kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì?

Yèyé Ìkéré | Sọ́ńdè, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Òótọ́ ni, mo sì fẹ́ràn Ghote. Ọkùnrin tó ń bẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀ tó sì tún ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì, irú rẹ̀ pọ̀ níbi gbogbo, Keating mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ohun tó gbé ìwé náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí mo bá rò ó, àyà mi máa ń já. Ìwé tó kó India wọ inú àkójọ àwọn tó gba Gold Dagger, ẹni tí kò rí India rí ló kọ ọ́. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan rí, n ò ní dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n kó ìwé Yorùbá jáde nínú láíbìrì kí ààyè lè wà fún kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà náà ò tíì dé tí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìwé lẹ́yìn kíláàsì. Mo fi aṣọ ìborí mi di mẹ́tàlá nínú wọn relé. Owó Ẹ̀jẹ̀ tí Kólá Akínlàdé kọ wà lára wọn, ojú ewé rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra, ọ̀bẹ ìdáná ni mo fi ń là á lọ́kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń gbẹ. N ò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹni tí kò dé Èkìtì rí ni yóò kọ́kọ́ kọ ìtàn ìyá aláta yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́ | Sọ́ńdè, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Mo ti gbọ́, mà. Mo fẹ́ túmọ̀ orí kan nínú ìwé Òkédìjí sí Gẹ̀ẹ́sì láti fi dán ara mi wò. Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, ṣé mo lè gbé e síta fún àwọn èèyàn láti kà?

Lọ́yà Ìjerò | Sọ́ńdè, 6:11 ìrọ̀lẹ́

Túmọ̀ rẹ̀ fún ara rẹ, kò sẹ́ni tó máa dá ọ dúró. Má gbé e síta láìgba àṣẹ. 2019 ni Òkédìjí kú, òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé nílẹ̀ wa sì ń dáàbò bo iṣẹ́ fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn tí ẹni tó kọ ọ́ bá kú. Ẹbí rẹ̀ àti atẹ̀wé rẹ̀ ni kí o kọ lẹ́tà sí. Bí o bá ṣe tán láti kọ ọ́, n ó bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò, n ò ní gba kọ́bọ̀.

Ọmọ Òkèyìnmí, ní tìrẹ, CWA, ìyẹn Crime Writers' Association tó ń fúnni ní Gold Dagger, ní ẹ̀bùn kan fún àwọn tí atẹ̀wé kò tíì gba ìwé wọn. Debut Dagger ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, Emerging Author Dagger ló ń jẹ́ báyìí. Ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn àti àlàyé ṣókí nípa ìyókù ni wọ́n ń gbà. Gẹ̀ẹ́sì ni, mo mọ̀. Kọ "ulé" yẹn ní Yorùbá ná, ká tó wo bí a ṣe máa gbé e kọjá odò.

Yèyé Ìkéré | Sọ́ńdè, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ Òkèyìnmí, mo wà nílé lọ́la látàárọ̀. Mú ìwé tìrẹ dání. N ò ní yá ọ ní tèmi gbé lọ, torí mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìwé tí a yá èèyàn. Ibí lo ti máa kà á. Iyán á wà nílẹ̀.

Ọmọ Òkèyìnmí | Ọjọ́ Ajé, 8:15 alẹ́

Mo ti dé láti Ìkéré o. Yèyé, ẹ ṣeun, ẹ kú ìtọ́jú, ọbẹ̀ yẹn ò kúrò lẹ́nu mi.

Ẹ̀yin ará, mo jókòó sí ìta ilé wọn, níbi tí èèyàn ti ń wo òkè Olósùnta gbangba, mo ṣí ìwé wọn sí ewé tó kẹ́yìn. Yèyé wọlé lọ, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ wo ojú mi nígbà tí mo bá ń kà á. Mo kà á tán. Mo tún un kà. N ò ní sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé mo padà sí àwọn ojú ewé kan láàárín ìwé tí mo ti kà kọjá láìfura, ó sì wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí.

Lẹ́yìn tí a jẹun tán, Yèyé fún mi ní tákàdá àti bírò. Mo da ewé náà kọ lójú méjèèjì, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, títí kan àwọn àmì ìdánudúró. Wọ́n po ẹ̀kọ díẹ̀, a fi lẹ tákàdá náà mọ́ ibi tí eyín èyí tí wọ́n ya wà, a gbé òkúta lé e lórí títí ó fi gbẹ. Ìwé náà ti pé báyìí.

Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó sọ. Adó ni mo wà, mo lè fi í rán awakọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀yẹ́ | Ọjọ́ Ajé, 8:17 alẹ́

Èmi ni, bọ̀dá mi. Ẹ fi rán awakọ̀ Ọ̀yẹ́ lọ́la. Ẹ má jẹ́ kó ká ewé tó kẹ́yìn kọ́rọ́ o.